Ọkùnrin Tó Dúró Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Löw

Lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2008, èmi àti bàbá mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa, Jámánì àti Potogí ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú Basel ní Switzerland, kọ́tà-fáìnà ife ilẹ̀ Yúróòpù ni. Bàbá mi kì í wo bọ́ọ̀lù tán, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù wọ́n á ní ká yí i sí ìròyìn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn wọn ò sọ nǹkan kan. Ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ò sì sí lórí pápá. Kámẹ́rà ń padà ṣáá sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá ìlà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, tó ń wo eré náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

Wọ́n ní, "Ṣé kóòṣì wọn nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá sà, igbákejì ni. Rẹfirí lé ọ̀gá ẹ̀ jáde nínú eré tó ṣáájú, wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ pápá lónìí, òkè lọ́hùn-ún nínú yàrá onígíláàsì ló wà."

Wọ́n tún wò ó dáadáa. "Kí ló ń jẹ́?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù Jámánì látìgbà tí Okocha wa wà ní Frankfurt, tí mo lè dárúkọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wọ pápá lọ́jọ́ yẹn láì wo ìwé, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń darí wọn. Bàbá ò bá mi wí o, wọ́n kàn ní, "Wo bó ṣe dúró," wọ́n sì gbé àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Jámánì borí, 3-2. Schweinsteiger kọ́kọ́ gbá tiẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ló gbá fríkíìkì méjì, Klose fi orí kan ìkan wọlé, Ballack fi orí kan ìkejì. Mi ò ka àwọn fríkíìkì yẹn sí nǹkan kan nígbà yẹn, mo kàn rò pé oríire ni.

Hansi Flick lorúkọ ọkùnrin náà, Hans-Dieter ni wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún bàbá ni mo tó lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, látìgbà yẹn ni mi ò sì ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Lónìí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó ti gba ife ní Bayern, ó wà ní Barcelona, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló ń jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kì í ṣe Flick tó di ọ̀gá ni mo fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀. Flick tó jẹ́ igbákejì ni. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Joachim Löw, kóòṣì àgbà tíìmù Jámánì, 2006 sí 2014, àwọn èèyàn sì máa ń sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́jọ yẹn bí ẹni pé ó kàn ń tò sórí láìnì ni, pé ó ń dúró de ìgbà tí tiẹ̀ máa kàn. Mi ò gbà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà.

Ẹ ó mọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára tí mo bá sọ fún yín pé igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama ni bàbá mi fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ. "Vice" ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé mẹ́rin ló wá tó lọ lójú wọn. Àwọn ni wọ́n ń ya táìmù-tébù lórí káádíbọ́ọ̀dù, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú rúlà àti báírò aláwọ̀ mẹ́ta, búlúù fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, pupa fún tòkè, dúdú fún orúkọ tíṣà, tí tíṣà kan bá wá bímọ tàbí tó gba tìráńsífà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìgbà tá a bá lọ sóde, ẹnì kan á ṣáà béèrè pé, "Vice, ìgbà wo la máa wá bá yín jó?" wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè tí ò kan iṣẹ́ tó ń ṣe ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì.

Ìlú Heidelberg ni wọ́n ti bí Flick, ní oṣù kejì ọdún 1965, àwọn abúlé kéékèèké tó wà láyìíká ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, ó dé Sandhausen, àtibẹ̀ ni Bayern Munich ti wá mú un ní 1985. Mídífíídì ló ń gbá. Àmọ́ ẹ má rò pé ó jẹ́ oríṣi mídífíídì tí wọ́n ń kọ orin fún. Ọdún márùn-ún ló lò ní Bayern, eré 104 ló gbá fún wọn nínú Bundesliga, líìgì àgbà Jámánì, góòlù 5 ló jẹ. Góòlù márùn-ún ní ọdún márùn-ún! Síbẹ̀ wọ́n gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín àkókò yẹn, 1986, 1987, 1989 àti 1990, wọ́n tún gba DFB-Pokal, ife àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì, ní 1986. Ẹnì kan ò lè wà nínú tíìmù bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó má mọ nǹkan tó ń ṣe.

Ibi tó wà lórí pápá gan-an ló yẹ ká wò. Ẹni tó bá ń gbá nọ́ńbà mẹ́fà, tàbí tó ń gbá mídífíídì tó dúró síwájú àwọn bẹ́ẹ̀kì, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà. Ẹni tó wà níwájú ń wo góòlù, bẹ́ẹ̀kì ń wo ẹni tó fẹ́ jẹ góòlù, òun nìkan ló ní láti máa bojú wẹ̀yìn kó tún máa wo iwájú. Tí Lothar Matthäus bá sá lọ síwájú, tí gbogbo pápá ń pariwo orúkọ ẹ̀, ẹnì kan ní láti rìn bọ́ sí àyè tí Matthäus fi sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má bàa gba ibẹ̀ padà wá jẹ wọ́n níyà. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni yẹn, torí nǹkan tó ṣe ni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo gbá ipò yẹn níléèwé, mo mọ bó ṣe máa ń rí, wàá parí eré, wọn ò ní rántí pé o wà níbẹ̀, ìwọ nìkan lo sì mọ iye ìgbà tó o pa iná kó tó ràn.

Ó gbá fáìnà ife àwọn kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yúróòpù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Champions League báyìí. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1987 ní Vienna, Bayern àti Porto. Bayern ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, Kögl ló fi orí kàn án, gbogbo èèyàn ti ń rò pé ó ti parí, àfìgbà tó kù díẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá tí Rabah Madjer, ọmọ Algeria, fi gìgísẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò pẹ́ sígbà yẹn Juary fi ìkejì sí i. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù kejì wọlé ni wọ́n yọ Flick kúrò kí wọ́n lè fi ẹni tó máa jẹ góòlù sí i. Wọ́n pàdánù. Mo máa ń ro ti alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ ọdún 22 tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ láìlè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ọdún 33 ló fi dúró kó tó fọwọ́ kan ife yẹn.

Ní 1990 ó lọ sí Köln, ìfarapa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ní 1993, ọmọ ọdún 28, ó ti parí, ó kéré tán ní ti bọ́ọ̀lù olówó. Nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: kò wọ jẹ́sì àgbà Jámánì rí. Ẹyọ eré kan báyìí, kò gbá a. Gbogbo ọdún tó fi ń gba ife ní Bayern, wọn ò pè é.

Ẹni tó bá ṣeé ṣe fún á máa wá bó ṣe máa wà ní Munich, lágbo àwọn gbajúmọ̀, kó máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Flick padà sílé. Bammental ló lọ, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Heidelberg, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bàtà bọ́ọ̀lù àti àwọn nǹkan eré ìdárayá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀bù àdúgbò, nígbà tó di 1996 wọ́n ní kó máa ṣe kóòṣì wọn náà. Èèyàn tó ti bá Matthäus àti Brehme wọ yàrá ìmúra kan náà wá dúró sẹ́yìn káńtà, ó ń bá màmá ọmọ kan wá bàtà tó máa gba ọmọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn kan á pe ìyẹn ní ìrẹ̀sílẹ̀. Èmi rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí èèyàn, torí oníṣọ́ọ̀bù tí kì í tẹ́tí ò lè pẹ́ nídìí ọjà.

Ní ọdún 2000 Hoffenheim pè é. Lásìkò yẹn abúlé ni Hoffenheim nínú bọ́ọ̀lù, owó Dietmar Hopp, olówó ńlá kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé síbẹ̀ ni. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ ló gbé wọn gòkè dé Regionalliga, ipele kẹta líìgì Jámánì nígbà yẹn, wọ́n tún na Leverkusen nínú DFB-Pokal, àmọ́ nígbà tí àtigòkè sí ipele tó kàn ò bọ́ sí i lọ́dọọdún, wọ́n ní kó máa lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2005. Ó lo oṣù díẹ̀ ní Salzburg lábẹ́ Trapattoni àti Matthäus, Matthäus kan náà yẹn o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ tí Löw, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba ní tíìmù Jámánì lẹ́yìn Klinsmann, fi ránṣẹ́ pè é ní oṣù kẹjọ 2006.

Ẹ ò rí i? Aṣọ tí wọn ò fún un wọ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Kí ni igbákejì kóòṣì ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ń kó kóònù sílẹ̀ ni. Ẹ lọ sóde àríyá, kẹ́ ẹ gbọ́ olórin tí elégbè ẹ̀ ò dáa. Ohùn olórin lè dùn bí oyin, tí elégbè bá ti já orin gbà lódì báyìí, gbogbo ẹ̀ á dàrú. Elégbè ní láti mọ ibi tí olórin ń lọ kó tó débẹ̀, ó ní láti gbé e nígbà tí èémí ẹ̀ bá ń tán, kò sì gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Iṣẹ́ tó le ni. Flick ló ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nígbà tí inú wọn ò bá dùn sí ọ̀gá, òun ló ń wo tíìmù tí wọ́n fẹ́ bá gbá, òun ni Löw ń yíjú sí lórí bẹ́ǹṣì. Ní South Africa lọ́dún 2010, súẹ́tà búlúù kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò ìgbà yẹn ẹ ó rí i pé bí ìbejì ni wọ́n ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì, bí ọ̀kan bá fọwọ́ lẹ́rán, èkejì náà á fọwọ́ lẹ́rán.

Alẹ́ Basel yẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo padà wò ó lórí YouTube lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo wá rí nǹkan tí mi ò rí nígbà yẹn. Torsten Frings ti fi ara pa, Jámánì sì yí ètò wọn padà, wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá iwájú, wọ́n fi Hitzlsperger àti Rolfes dúró síwájú àwọn bẹ́ẹ̀kì, kí Ballack lè rí àyè lọ síwájú. Mídífíídì méjì tó ń bojú wẹ̀yìn. Mi ò sọ pé Flick nìkan ló ro ó o, Löw ni ọ̀gá, òun ló fọwọ́ sí i. Àmọ́ irú agbábọ́ọ̀lù tí Flick fúnra ẹ̀ jẹ́ ni wọ́n fi pa Potogí lẹ́nu mọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí òun fúnra ẹ̀ dúró lẹ́bàá ìlà, mi ò lè wò ó kí n má rẹ́rìn-ín.

Ó ṣe àṣìṣe tiẹ̀ náà. Ní 2012, kí wọ́n tó bá Potogí gbá, wọ́n bi í bí wọ́n ṣe máa kojú fríkíìkì Ronaldo, ó ní káwọn tó máa dúró bí ògiri dé akoto irin, àwọn èèyàn sì mọ akoto tó ń sọ, ti sójà Jámánì ìgbà ogun ni. Ó tọrọ àforíjì. Kò yẹ kó sọ ọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ kọ́nà àti fríkíìkì. Lọ́dún 2010, sẹmi-fáìnà ife àgbáyé ní Durban, góòlù kan ṣoṣo ni Spain fi lé Jámánì lọ sílé, kọ́nà ni, Puyol fò bí ẹni tí wọ́n fi kàtàpóòtù ta, ó fi orí kàn án wọlé. Löw ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn kó máa fi àkókò ìgbáradì ṣòfò lórí bọ́ọ̀lù tó dúró, bọ́ọ̀lù tó ń rìn ni tiẹ̀. Flick ló di ọ̀rọ̀ yẹn mú, ó sì jẹ́ kó di iṣẹ́ níbi ife àgbáyé ní Brazil lọ́dún 2014. Ẹ wá wo bó ṣe lọ. Hummels fi orí kan kọ́nà Kroos wọlé Potogí. Ghana ti fẹ́ na wọ́n, kọ́nà tún ni, Höwedes fi orí tì í, Klose na ẹsẹ̀ gbá a wọlé, góòlù 15 ẹ̀ nínú ife àgbáyé. France, fríkíìkì Kroos, orí Hummels, 1-0, ó parí. Wọ́n bá Algeria gbá, Müller sáré wá bí ẹni tó fẹ́ gbá fríkíìkì, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo ayé rò pé ó kọsẹ̀ ni, ètò ni o! Kò bọ́ sí i, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, kí ọkùnrin tó ti dàgbà ṣubú níwájú gbogbo ayé torí pé wọ́n ti jọ fi kọ́ra ní ìgbáradì, àfi kó fọkàn tán ẹni tó ní kó ṣe é.

Àti 7-1 tí wọ́n fi na Brazil yẹn. Gbogbo èèyàn rántí 7-1, ọjọ́ 8 oṣù keje ní Belo Horizonte. Àwọn góòlù mẹ́rin tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n máa ń sọ. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa ń padà lọ wò, ìṣẹ́jú kọkànlá, kọ́nà láti ẹsẹ̀ Kroos, wọ́n dí David Luiz lọ́nà láàárín èrò, Müller sì dá dúró síbì kan bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, kò sẹ́ni kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀lù wá bá a níbẹ̀. Brazil fọ́ látibẹ̀. Igi tó wó gbogbo ilé yẹn, ọwọ́ igbákejì ló ti kọ́kọ́ yẹ̀.

Mo fẹ́ yà díẹ̀, ẹ má bínú. Eré àkọ́kọ́ tí Jámánì gbá níbẹ̀, tí wọ́n fi na Potogí 4-0, Salvador ní Bahia ni wọ́n ti gbá a, pápá Fonte Nova. Ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn ni adágún odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó, lórí omi yẹn ni wọ́n gbé ère àwọn òrìṣà kalẹ̀ sí, ère gàgàrà, Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, Ṣàngó wà níbẹ̀, Ògún, Yemọja, wọ́n dúró lórí omi láàárín ìlú. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló mú wọn débẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wo eré yẹn, kámẹ́rà gba òkè kọjá, mo rí wọn fìrí, mo pariwo, ìyàwó mi rò pé Jámánì jẹ góòlù ni. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Hummels fi orí kan kọ́nà yẹn wọlé lóòótọ́. Mi ò ní í fi nǹkan kan so ó pọ̀, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ fáìnà, ọjọ́ 13 oṣù keje, lẹ́yìn tí Götze ti fi àyà gba bọ́ọ̀lù Schürrle tó sì gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 113, mo pè wọ́n lórí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó ṣì wà níbẹ̀. Igbákejì náà ni." Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí ìyàwó mi. Ní 2016 ni wọ́n re ibi àgbà ń rè.

Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà ṣe iṣẹ́ yìí, tí ò ní di ọ̀gá láéláé. Peter Hermann, òun náà jẹ́ mídífíídì, Leverkusen ló gbá fún láti 1976 sí 1984, igbákejì ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀ ṣe, kóòṣì ń wá, kóòṣì ń lọ. Jupp Heynckes mú un láti Leverkusen lọ sí Bayern, àwọn méjèèjì jọ gba ife mẹ́ta ní 2013. Nígbà tí Bayern bẹ Heynckes kó padà wá ní oṣù kẹwàá 2017, tó ti pé ọmọ ọdún 72, tó ti jókòó sílé, ọ̀rọ̀ Hermann wà lára nǹkan tó sọ, Hermann sì wà ní Düsseldorf nígbà yẹn, Bayern ní láti sanwó kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Wọ́n sanwó lórí igbákejì bí ìgbà tí wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù! Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo ka ìròyìn yẹn bí ẹni pé èmi ni wọ́n san án fún. Heynckes yìí kan náà ló sì jẹ́ kóòṣì Flick ní Bayern láti 1987, ẹni tó mọyì igbákejì ló tọ́ ẹni tó máa di igbákejì.

Lẹ́yìn Brazil, Flick jókòó sí ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì gẹ́gẹ́ bí olùdarí eré, títí di oṣù kìíní 2017, ó tún ṣe oṣù díẹ̀ ní Hoffenheim, wọ́n tún yà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe nǹkan tó yà mí lẹ́nu. Ní 2019, ẹni tó ti gba ife àgbáyé, tó ti jókòó sórí àga ọ̀gá, tún gbà láti di igbákejì, ní Bayern, lábẹ́ Niko Kovač, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àwọn èèyàn wa á ní kí ló ń wá, ṣé kò ní ìtìjú ni. Àmọ́ ì bá ti yé bàbá mi.

Èyí tó kàn gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá Frankfurt na Bayern 5-1, Kovač lọ, wọ́n ní kí Flick dì í mú fún eré méjì kan ná. Ó na Olympiacos 2-0, ó na Dortmund 4-0, wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Wọ́n na Barcelona 8-2 ní Lisbon, wọ́n gba fáìnà lọ́wọ́ PSG 1-0 ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2020, ife tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Vienna yẹn náà ni. Nígbà tó di oṣù kejì 2021 ife mẹ́fà ti pé. Thomas Müller tí Kovač ti ń fi sórí bẹ́ǹṣì tún padà di Müller. Boateng náà padà bọ̀ sípò. Tẹ́ ẹ bá bi mí, kò mú àṣírí kankan dé, ó kàn ti mọ̀ wọ́n látìgbà tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Löw, ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí ní gbangba àti ẹni tí wọ́n ń pè sí kọ̀rọ̀.

Kò dùn mọ́ mi láti kọ ti Jámánì. Ó gba ipò Löw ní 2021, mo sunkún ayọ̀, ẹni tí wọn ò pè rí ni wọ́n wá fi ṣe olórí. Níbi ife àgbáyé 2022 ní Qatar, wọn ò kọjá gúrúùpù. Ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 2023 Japan na wọ́n 4-1 ní Wolfsburg, ọjọ́ kejì ẹ̀ wọ́n lé e, kò sì sí kóòṣì àgbà Jámánì kan tí wọ́n lé bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Mo ti ro ó títí. Èrò tèmi ni pé ìgbà yẹn, kò sí Flick kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Flick. Kì í ṣe pé àwọn igbákejì ẹ̀ ò dáa o, àwọn èèyàn gidi ni. Àmọ́ tíìmù orílẹ̀-èdè kì í rí ara wọn lójoojúmọ́, ẹni tó máa ń gbọ́ ohun tí wọn ò lè sọ létí ọ̀gá ti wá di ọ̀gá fúnra ẹ̀, etí yẹn ò sì dúró níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tó lọ sí Barcelona ní 2024, ó mú Marcus Sorg dání. Sorg náà ti ṣe igbákejì Löw, lẹ́yìn tí Flick kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, eré Betis, rẹfirí fún Flick ní káàdì pupa, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dúró lẹ́bàá ìlà fún eré méjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ rí torí pé wọ́n lé ọ̀gá ẹ̀ lọ sókè, òun náà ni wọ́n wá lé lọ sókè yìí.

Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Leganés ni wọ́n ń bá gbá, ní Montjuïc, pápá tí Barcelona ń lò nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú kẹrin, kọ́nà, orí, góòlù. Kọ́nà o! Kámẹ́rà sáré wá Flick lọ láàárín àwọn tó jókòó lókè, wọ́n gbé ojú ẹ̀ hàn, wọ́n tún padà gbé e hàn. Barcelona gbá bọ́ọ̀lù títí, kò wọlé, 1-0 ló parí sí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Atlético tún na wọ́n 2-1, ìkejì wọlé nígbà tí àfikún àkókò ti ń tán lọ.

Ọmọkùnrin mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Dádì, ṣé kóòṣì wọn nìyẹn?" Ó ń nàka sí ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ìlà, tó kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Rárá, igbákejì ni. Marcus Sorg ló ń jẹ́."

Mo sì gbé àga mi sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.